Kí Ló Ṣọ̀wọ́n Nínú Géèmù Tí Wọ́n Pè Ní Àkànṣe?

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí, orí ohun kan náà ni gbogbo wọn sì dá lé: géèmù fídíò tí wọ́n ṣe látinú àwọn ánímè (eré àwòrán Japan) àtijọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n tẹ̀ jáde níwọ̀nba. Mo jẹ́ kí èyí àkọ́kọ́ gba àyè jù, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

ÈWO NI KÍ N KỌ́KỌ́ RÀ?

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Láti kékeré ni mo ti ń wo Dragon Ball, Saint Seiya àti Captain Tsubasa. Ní báyìí tí owó oṣù ti ń wọlé, ó wù mí kí n bẹ̀rẹ̀ sí kó géèmù wọn jọ, àwọn tó jẹ́ limited edition. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé gbogbo èyí tí mo bá rí ni wọ́n kọ limited sí, owó wọn sì ń dẹ́rù bà mí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà tí mi ò ní kábàámọ̀? Èmi ni, àbúrò yín tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Àbúrò mi, ó dára tí o béèrè kí o tó sanwó. Nígbà tí o bá rí i pé wọ́n kọ limited sí nǹkan lára, ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ wádìí ni pé kí gan-an ni wọ́n ṣe níwọ̀nba. Ṣé géèmù náà ni, àbí páálí tí wọ́n kó o sí?

Ní Japan, bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ gbé géèmù ánímè jáde, wọ́n sábà máa ń ṣe é ní oríṣi méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní shokai gentei-ban, ìyẹn àkànṣe àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe níwọ̀nba, máa ń wà nínú páálí ńlá: ìwé àwòrán, CD orin, nígbà mìíràn ère akọni eré náà. Èkejì jẹ́ dísìkì àti ìwé ìlò rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọjà bá tà dáadáa, ó tún lè jáde lẹ́yìn ìgbà náà lówó pọ́ọ́kú; lórí PlayStation láyé ijọ́un, “PlayStation the Best” ni wọ́n máa ń kọ sí irú wọn lára. Géèmù kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí bébà, ike àti orin ni àfikún owó rẹ ń lọ. Mi ò sọ pé ó burú o. Mo fẹ́ràn àwọn ìwé àwòrán yẹn débi pé mo lè ra odidi páálí tìtorí wọn nìkan. Ṣùgbọ́n kí o mọ ohun tí o rà.

Ibòmíràn ni ọ̀wọ́n tòótọ́ ti ń wá. Géèmù tí wọ́n ṣe látinú ánímè kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó ya ìwé àwòrán ní ìpín, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní ìpín, ilé iṣẹ́ tó sọ ọ́ di eré tẹlifíṣọ̀n náà ní ìpín, kó tó wá kan ẹni tó ṣe géèmù. Àdéhùn ló so gbogbo wọn pọ̀, àdéhùn sì ní ọjọ́ tó máa parí. Bó bá parí tí wọn ò sì tún un ṣe, kò sẹ́ni tó láṣẹ láti tẹ géèmù náà tà mọ́. Àdéhùn nìkan kọ́ ló ń lé géèmù kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n ibi kan náà ló máa ń já sí. Wo JUMP FORCE. Oṣù kejì ọdún 2019 ló jáde. Goku ti Dragon Ball wà nínú rẹ̀, Kenshiro ti Hokuto no Ken wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ryo Saeba ti City Hunter àti Seiya. Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní gbogbo ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún mẹ́ta péré. Ẹni tó ní dísìkì rẹ̀ ṣì lè ki í bọnú ẹ̀rọ kó máa jà lọ, kódà bí dísìkì náà bá jẹ́ irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò kọ limited sí lára.

Ti Cowboy Bebop tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2005 ni Bandai gbé géèmù rẹ̀, Tsuioku no Serenade, jáde fún PlayStation 2 ní Japan. Wọ́n kéde pé àwọn máa gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì jáwọ́ nínú ẹ̀. Ti Japan nìkan ló wà láyé. Ẹni tó bá fẹ́ràn Spike, akọni eré náà, àti ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀, tó sì fẹ́ fi í ṣeré nínú géèmù yẹn, kò ní ọ̀nà mìíràn.

Irú ọ̀wọ́n kan tún wà tí mo fẹ́ kí o yẹra fún pátápátá. Ọdún 1985 ni Bandai ṣe Kinnikuman: Muscle Tag Match, látinú ánímè Kinnikuman, fún Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo ní Japan, ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ, káátíríìjì rẹ̀ sì wà káàkiri títí dòní. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe aláwọ̀ wúrà mẹ́jọ péré, tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn fún àwọn tó jáwé olúborí nínú ìdíje kan. Kì í ṣe ọjà rárá. Bí o bá rí èyí tí wọ́n ń tà lówó tó rọ̀, mọ̀ pé ẹnìkan ti fi ọ̀dà wúrà kun ti lásán.

Nítorí náà, bí mo bá wà nípò rẹ, wúrà mìíràn ni màá wá: ẹ̀rọ Famicom kékeré aláwọ̀ wúrà tí Nintendo ṣe láti fi ṣàjọyọ̀ àádọ́ta ọdún ìwé ìròyìn Weekly Shonen Jump. Ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2018 ló jáde ní Japan, yen 7,980 ni wọ́n tà á nígbà náà, géèmù 20 ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o dárúkọ kò gbẹ́yìn níbẹ̀: Dragon Ball: Shenron no Nazo ti 1986, Saint Seiya: Ougon Densetsu ti 1987, Captain Tsubasa ti 1988. Èdè Japan ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Páàdì rẹ̀ kéré fún ọwọ́ àgbàlagbà, wáyà rẹ̀ sì ti wọnú ẹ̀rọ, kò ṣe é yọ. Mo sọ èyí kí ó má baà yà ọ́ lẹ́nu, kì í ṣe kí o má rà á.

Captain Tsubasa ni kí o kọ́kọ́ ṣí. Tecmo ló ṣe é, kò sì jọ géèmù bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé mọ̀. Bí alátakò bá dé iwájú rẹ, eré á dúró, wọ́n á bi ọ́: ṣé o fẹ́ gé e, ṣé o fẹ́ ta bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíràn, ṣé o fẹ́ gbá a lọ sílé? O yan ọ̀kan. Ojú Tsubasa á gba iwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ á gòkè, bọ́ọ̀lù á fò, àwọn alátakò á máa fò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, àyà rẹ á sì máa lù kìkì títí o fi máa mọ̀ bóyá asọ́lé mú un. Gbogbo àrà tí o bá fi gbá bọ́ọ̀lù ló ń jẹ nínú agbára ẹni tó gbá a, o ò lè máa dá a nígbà gbogbo. Bí ánímè náà ṣe máa ń fa ìṣẹ́jú kan gùn kọjá ààlà ni wọ́n ṣe gbé e wọnú géèmù, láyé tí ẹ̀rọ ò tíì lè ṣe nǹkan púpọ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Bí o bá sì wá fẹ́ ra káátíríìjì rẹ̀ àtijọ́ lọ́jọ́ iwájú, ọ̀rọ̀ àṣírí tí o máa kọ sílẹ̀ ló fi ń rántí ibi tí o dé, kò gbára lé bátìrì tó lè kú.

Tó bá wá kan ríra páálí àtijọ́, bébà ni kí o máa wò. Mú géèmù Saturn (ẹ̀rọ Sega) tàbí PlayStation ti Japan kan lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí ike rẹ̀, wàá rí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ká mọ́ ọn, obi lorúkọ rẹ̀; ó bo iwájú díẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́, ó tún bo ẹ̀yìn díẹ̀. Kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé páálí náà ló dì í mú, nítorí náà ọjọ́ tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á ti ya ọ̀rá ló ti bọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì dà á sínú pàǹtí pẹ̀lú ọ̀rá. Nínú páálí, káàdì ìfìwéránṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń béèrè ìwà àti ìfẹ́ àwọn oníbàárà. Àwọn ọmọ tó gbọ́ràn kún un, wọ́n fi ránṣẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe níwọ̀nba ló wá di ohun tí kò sí mọ́. Tí géèmù méjì bá wà níwájú mi, tí ọ̀kan jẹ́ gentei-ban tí ère rẹ̀ ṣì wà ṣùgbọ́n tí obi àti káàdì rẹ̀ ti sọnù, tí èkejì jẹ́ ti lásán tí gbogbo bébà rẹ̀ pé, èkejì ni màá mú, ọkàn mi á sì balẹ̀.

Nígbà tí o bá ń rajà lọ́wọ́ àwọn ará Japan lórí Yahoo! Auctions, ọjà gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bá kọ obi-tsuki, obi rẹ̀ wà. Setsumeisho nashi, ìwé ìlò ti sọnù. Janku, ó lè ti bàjẹ́ tàbí kí wọ́n má dán an wò, wọn ò sì ní gbà á padà. Ní kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ páálí fún ọ, kì í ṣe iwájú nìkan. Oòrùn máa ń jẹ àwọ̀ pupa kó tó jẹ àwọn yòókù, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síta lórí pẹpẹ ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣá. Àwọn olólùfẹ́ ánímè Gundam ni èyí ń dùn jù, torí pupa ni gbogbo ohun tó bá ti kan Char, alátakò pàtàkì nínú rẹ̀. Ẹ rántí GameCube (ẹ̀rọ Nintendo) pupa rẹ̀ ti ọdún 2003. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kan Tokyo, Nakano Broadway ni kí o lọ, níbi tí ilé ìtajà Mandarake ti ní ìsọ̀ púpọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo. Ní Osaka, Den Den Town ní Nipponbashi. Akihabara lókìkí jù wọ́n lọ, òkìkí náà sì ti wọnú iye owó ọjà rẹ̀.

ṢÉ DRAGON BALL NI DRAGON POWER?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dá sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní káátíríìjì NES (Famicom tí wọ́n tà sókè òkun) kan tí wọ́n kọ Dragon Power sí, ó ń fi yangàn pé Dragon Ball ni. Mo ní irọ́ ni, kò sí orúkọ Dragon Ball níbì kankan lára rẹ̀. Ta ló jàre? Èmi, ẹni tí kò gbà.”

Ọ̀rẹ́ rẹ ló jàre. Shenron no Nazo tí mo mẹ́nu kàn lókè yìí náà ni. Nígbà tí Bandai máa gbé e lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1988, àwọn ará ibẹ̀ ò tíì mọ Goku, nítorí náà wọ́n bọ́ orúkọ eré náà kúrò lára géèmù, wọ́n sì tún ojú akọni rẹ̀ yà.

Kì í ṣe òun nìkan. Hokuto no Ken tí Sega ṣe fún ẹ̀rọ rẹ̀, Mark III, lọ́dún 1986, iṣẹ́ ọwọ́ Yuji Naka, di Black Belt nígbà tó kúrò ní Japan. Kenshiro wá ń jẹ́ Riki. Òmíràn tí wọ́n ṣe fún Mega Drive, ẹ̀rọ Sega mìíràn, di Last Battle, Kenshiro tún di Aarzak. Captain Tsubasa gan-an di Tecmo Cup Soccer Game, Tsubasa sì di Robin Field. Ní Faransé, wọ́n ṣe ti Saint Seiya bó ṣe yẹ: àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń wo Saint Seiya lórí tẹlifíṣọ̀n ní orúkọ Les Chevaliers du Zodiaque, nítorí náà géèmù rẹ̀ jáde fún NES pẹ̀lú orúkọ yẹn, ní èdè Faransé, akọni kò sì di ẹlòmíràn.

Má fojú kéré àwọn tí wọ́n yí lórúkọ yìí. Kò sẹ́ni tó kọ àkànṣe sí wọn lára, ọ̀pọ̀ wọn ò sì wọ́n. Gbé Black Belt sẹ́gbẹ̀ẹ́ Hokuto no Ken ti Mark III lórí pẹpẹ kan, kí o fi méjèèjì ṣeré tẹ̀ léra. Wàá rí bí wọ́n ṣe tún ilé, ènìyàn àti ọ̀tá yà láti orí géèmù kan náà. Nínú gbogbo ohun tí olùkójọ lè fi owó kékeré ṣe, kò sí èyí tó wù mí tó o. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó má tà á.

BÁWO NI MO ṢE MÁA MỌ AYÉDÈRÚ?

“Àbúrò wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ní kí n bá òun ra Astro Boy: Omega Factor ti Game Boy Advance. Mo rà á, ó ti dé, ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe rí i ló ní ayédèrú ni. Ẹni tó tà á fún mi ń búra pé ojúlówó ni. Èmi tí mi ò mọ ohunkóhun nípa géèmù, báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì? Èmi, ìyá ọmọ.”

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ojú yín tó, ẹ ò nílò ẹlòmíràn.

Ẹ gbé káátíríìjì náà sábẹ́ iná, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ iná ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ̀, kí iná máa yọ̀ lórí ìwé àwòrán tó lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀. Lára ojúlówó, àmì kékeré méjì, tó sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà, wà tí wọ́n tẹ̀ wọnú ìwé náà láìfi yíǹkì kọ ọ́. Ìka kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, iná ló máa ń fi í hàn. Ayédèrú kì í sábà ní in. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà, kí ẹ wo ihò ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn irin aláwọ̀ wúrà wà. Lókè irin wọ̀nyẹn, wọ́n tẹ Nintendo sára pákó inú rẹ̀ fínnífínní. Ó tinrín, ó sì dọ́gba. Bí ẹ ò bá rí orúkọ kankan, tàbí tó jẹ́ pé wọ́n kàn kọ ọ́ gbàgẹ̀rẹ̀, ọmọ yín ló sọ òtítọ́. Ẹ wo skúrúù ẹ̀yìn náà: ti ojúlówó ní ẹnu mẹ́ta tó yà síra. Bó bá jẹ́ àgbélébùú lásán, ẹnìkan ti tú u, tàbí kí ó má jẹ́ ọwọ́ Nintendo ló kàn án.

Ẹ ya àwòrán ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Bó bá jẹ́ orí ìsọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń dáàbò bo oníbàárà lẹ ti rà á, ẹ fi ẹ̀sùn yín síbẹ̀ kí gbèdéke ọjọ́ wọn tó kọjá.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ yín mọ ohun tó dára. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Treasure àti Hitmaker ni géèmù yìí, ìparí ọdún 2003 ló jáde ní Japan, mi ò sì tíì rí géèmù ánímè tó bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ni ìtàn tó bẹ́ẹ̀. Osamu Tezuka ló dá Astro Boy sílẹ̀, eré rẹ̀ sì ti ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Japan láti ọdún 1963. Nínú géèmù náà, bí Astro bá ṣe ń pàdé àwọn èèyàn, tó sì ń mọ̀ wọ́n, ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, àwọn tó sì ń pàdé ti inú onírúurú ìwé Tezuka wá, kì í ṣe ti Astro nìkan. Ẹ wá ojúlówó rẹ̀ fún un. Kò pọn dandan kó ní páálí.

ṢÉ KÍ N ṢÍ I?

“Ẹ̀gbọ́n wa, mo ní Magic Knight Rayearth ti Sega Saturn, ti Amẹ́ríkà, ọ̀rá ìdì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Gbogbo èèyàn ní kí n má ṣí i láéláé. Ó ń wù mí láti fi ṣeré. Kí lẹ rí sí i?”

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Oṣù kejìlá ọdún 1998 ni ilé iṣẹ́ Working Designs gbé e jáde, òun sì ni géèmù Saturn tó kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ti Japan. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ ò tíì ya kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bí ẹ bá sọ pé láti fi ṣeré ni, ẹ ṣí i. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ṣe é kí èèyàn lè máa yí lọ yí bọ̀ láàárín àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta, kí ó fi idà jà, kí ó fi ọfà jà, kò sì sí bí ọ̀rá ṣe lè fi ìyẹn hàn yín. Ẹ fi abẹ tó mú gé ọ̀rá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí páálí ti ń ṣí, ẹ má fà á ya, torí páálí ike gígùn ti Saturn Amẹ́ríkà máa ń sán ní igun bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Dísìkì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ lórí Saturn Japan tí wọn ò tíì tún ṣe, nítorí náà ẹ rí i dájú pé ẹ̀rọ bá a mu. Lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ẹ ṣí ìdérí kékeré, kí ẹ pààrọ̀ bátìrì CR2032 tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń mú kí ẹ̀rọ rántí ibi tí ẹ dé, bí ó bá sì ti pẹ́ nínú ẹ̀rọ, ó ti kú nìyẹn.